Ọkọ̀ Kì í Ṣe Ọrọ̀: Owó Orí àti Òṣìṣẹ́ Etíkun Ìlàjẹ

Orúkọ tí Yorùbá ń pe owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú, ìyẹn owó orí, ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ẹni tó bá fetí sí i, nítorí pé nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé e dé ilẹ̀ Yorùbá, orí ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka àpò, débi pé ẹni tí oko kòkó rẹ̀ ta kọjá odò àti ẹni tó ń ro ilẹ̀ onílẹ̀ lè máa san iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí wọ́n tó dé, ìṣákọ́lẹ̀ ti wà, èyí tí ẹni tó gba ilẹ̀ ro ń san fún onílẹ̀ láti inú ohun tó kórè. Owó ibodè náà ti wà, èyí tí oníbodè ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò tó bá ru ẹrù wọ̀lú. Ohun tí àwọn méjèèjì sì fi jọra ni pé ẹni tí kò kórè, tí kò sì ru nǹkan kan, kò ní ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní etíkun Ìlàjẹ lónìí, lápá gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí omi sì bẹ̀rẹ̀, kíkà náà kò tíì dópin. Ohun tó yí padà ni pé ọkọ̀, apẹ̀rẹ̀ àti ìrìn àjò ni wọ́n ń kà báyìí dípò orí, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá ẹni tó ni wọ́n jèrè tàbí ó gbé gbèsè délé.

Àkókò tó láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òfin owó orí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin mẹ́rin tí ìgbìmọ̀ tí Táíwò Oyèdélé jẹ́ alága fún ṣe agbátẹrù wọn, àwọn òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026. Ohun tó kan mẹ̀kúnnù jù nínú wọn ni pé kò sí owó orí kankan mọ́ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó bá wọlé fún èèyàn lọ́dún. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò gbà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá náà yóò sì máa gòkè bí owó bá ti ń gòkè, títí yóò fi dé ìdá 25 lórí ohun tó bá kọjá mílíọ̀nù 50. Owó orí alákàsọ̀ ni irú ètò bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé bí ẹni ṣe gun àkàsọ̀ ọrọ̀ tó ni ìdá tí yóò san ṣe ń ga tó, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá kò sì ní san kọ́bọ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, lẹ́yìn ìdẹ̀kùn, ìyẹn apá owó tí wọn kì í bu owó orí lé, tí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ, ìdá 7 ti ń bẹ̀rẹ̀ láti orí náírà àkọ́kọ́ tó bá ṣẹ́ kù. Ìgbésẹ̀ tó dára ni òfin tuntun yìí, ó sì yẹ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ kedere kí wọ́n tó sọ ibi tó kù sí.

Ibi tó kù sí ni pé òfin náà mọ irú òṣìṣẹ́ kan dáadáa ju èkejì lọ. Ẹni tó mọ̀ ni ẹni tó ń gba owó oṣù, nítorí pé agbanisíṣẹ́ ló ń yọ owó orí tirẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti ṣírò ìdẹ̀kùn rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́: olùkọ́ ní Àkúrẹ́ tàbí nọ́ọ̀sì ní ìlú Oǹdó yóò kàn rí ìyàtọ̀ náà nínú ìwé owó oṣù rẹ̀ ni, láìjẹ́ pé ó bẹ ẹnikẹ́ni. Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, tí Igbókòdá jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, tí iye àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì lé ní 290,000 nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, apẹja ló pọ̀, ayanja ló pọ̀, awakọ̀ ojú omi, ahunẹní, aṣegi àti àwọn tó ń sè ògógóró láti ara ògùrọ̀ ló pọ̀, owó wọn kì í sì í wọlé ní ìparí oṣù; bí òkun bá gbà ni ó ń wọlé. Lórí ìwé, òfin ti dá ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀, nítorí pé èrè ọdún wọn kò tó ₦800,000. Ṣùgbọ́n owó tí ń jáde lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́ kò jẹ́ owó orí lórúkọ. Ó ń jẹ́ owó àṣẹ, owó ìsọ̀, owó èbúté, owó tikẹ́ẹ̀tì, ìdásílẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Àbújá kò sì mọ àwọn orúkọ wọ̀nyẹn.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀ tó ka iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, fún wọn láṣẹ láti máa fún àwọn ohun ìrìnnà kan ní ìwé àṣẹ: kẹ̀kẹ́, ọmọlanke, ọkọ̀ ojú omi kékeré, bárò àti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Òfin tó to àwọn owó tí ìpele ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998, ti ka owó lórí ọkọ̀ yìí mọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ kí ìwé òfin náà tó dé. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó kọ ìlà yẹn jókòó sí ibi tí ilẹ̀ ti le, tó ń ronú àwọn ohun tí alábàárù ń lò ní ọjà, tó wá ju ọkọ̀ ojú omi sí àárín wọn kí ìlà lè kún. Ní àwọn ìlú etíkun bí Àyétòrò, Ugbó-Nlá àti Zion Pepe, ọkọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ bárò. Ẹsẹ̀ ni. Òun ni ọmọ ń wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, òun ni aboyún ń wọ̀ lọ sí ibi ìgbẹ̀bí, òun ni wọ́n fi ń gbé òkú lọ sí ibi tí ilẹ̀ wà láti sin ín, àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wà á sì máa ń wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí bàtà ṣe ń wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ará òkè. Bí ìjọba bá kéde ní ọ̀la pé gbogbo ẹni tó ní bàtà ní Àkúrẹ́ ni yóò gba ìwé àṣẹ bàtà, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé pé kò tọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi, tí ìyá àti ọmọ ń fi àjẹ̀ wà, kì í ṣe ọrọ̀, kò sì yẹ kí wọ́n máa bu owó lé e bí ẹni pé ọrọ̀ ni.

Ìṣirò kékeré kan, tó jẹ́ àpèjúwe lásán, yóò fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí hàn. Kí obìnrin kan tó ń yan ẹja sáwá máa jèrè ₦40,000 lóṣù, lẹ́yìn tó ti yọ owó ẹja, owó igi ìdáná àti owó ọkọ̀. Èrè ọdún rẹ̀ yóò jẹ́ ₦480,000, tí kò sún mọ́ ààlà ₦800,000 rárá. Bí ó bá ń ná ọjà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí gbogbo tikẹ́ẹ̀tì tó ń já láti èbúté dé ìsọ̀ kò sì ju ₦500 lọ ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, ìrìn 104 yóò gba ₦52,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún, ìyẹn sì ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦100,000 lóṣù, tí tirẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún, yóò san ìdá 15 lórí ₦400,000 tó kọjá ààlà. ₦60,000 ni, ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, kí wọ́n tó tilẹ̀ yọ owó ìfẹ̀yìntì tí yóò tún dín in kù. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti ẹnìkejì ló ń san ìdá tó ju ìlọ́po méjì tirẹ̀ lọ. Òdìkejì owó orí alákàsọ̀ nìyí, a sì lè pè é ní owó orí adoríkodò: bí ẹni bá ṣe tálákà tó ni ẹrù rẹ̀ ṣe ń wúwo tó.

Kò sì sí ẹni tó jókòó ṣe òfin pé kí ó rí bẹ́ẹ̀. Tikẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lè bófin mu lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ́fíìsì kankan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ro gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan kan láti ibi ààrò dé ọjà yóò rí i. Ayanja ti to ẹja náà sórí wáyà, ìrù sí orí, ó ti fi èéfín ṣọ́ ọ mọ́jú, ó ti yí i padà nígbà tí ara rẹ̀ ń di pupa dúdú, ó ti fi bébà àpò sìmẹ́ńtì bo ẹnu apẹ̀rẹ̀, ó sì ti fi okùn dè é gírígírí kí omi má baà ta sí i lójú ọ̀nà. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbé apẹ̀rẹ̀ náà sínú ọkọ̀ ni ẹja yíyan ti ń bá aago sáré, nítorí pé atẹ́gùn iyọ̀ ń rọ̀ ọ́, èyí tó bá sì rọ̀, ìdin kì í jìnnà sí i. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa gúnlẹ̀, tí ẹni kan bá na tikẹ́ẹ̀tì sí i, ẹni tí ọjà ń bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í bá ẹni tí ìdúró kò ná ní nǹkan kan jiyàn. Ó máa ń san án ni. Bí ó bá dé ibòmíràn tí wọ́n tún béèrè, tikẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó fi sí ìgbátí ìró ti rẹ sínú omi, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́, owó náà sì di ẹ̀ẹ̀mejì. Bébà àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́, àmọ́ bébà ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n ń fún ẹni tó ń gbé lórí omi.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí òfin fi gbójú fo ìdílé etíkun, ó sì yẹ kí wọ́n fi sùúrù wò ó. Nígbà kan rí, kí wọ́n tó ṣàtúnṣe òfin owó orí ní ọdún 2011, òfin mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ní ọmọ: ₦2,500 ni wọ́n máa ń yọ kúrò nínú owó tí wọn yóò bu owó orí lé nítorí ọmọ kọ̀ọ̀kan, títí dé ọmọ mẹ́rin, wọ́n sì ń yọ ₦2,000 nítorí òbí tàbí ìbátan tó gbára lé òṣìṣẹ́ náà. Owó tí kò tó nǹkan ni, ọ̀wọ́n ọjà sì ti sọ ọ́ di ẹ̀rín, ṣùgbọ́n èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tọ̀nà, pé ẹni tó ń bọ́ ẹnu márùn-ún àti ẹni tó ń bọ́ ẹnu kan kò lè ní agbára kan náà bí owó tó ń wọlé fún wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ní 2011 wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdẹ̀kùn kan tí kò bìkítà iye ọmọ. Òfin tuntun ti mú ìyẹn náà kúrò, ó sì fi ìdẹ̀kùn owó ilé rọ́pò rẹ̀: ayálégbé lè yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó san lọ́dún kúrò nínú owó tí wọn yóò ṣírò owó orí lé lórí, ohun tí yóò yọ kò sì lè ju ₦500,000 lọ.

Ẹni tó ń háyà ilé ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ yóò jàǹfààní èyí. Ní ọ̀pọ̀ abúlé etíkun Ìlàjẹ, èèyàn kì í háyà ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọ, lórí òpó igi tó rì sínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú pákó, ọparun àti páànù, òkun sì máa ń wá gbà á. Àyétòrò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé, títì àti ilé ẹ̀kọ́ fún òkun. Iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun rẹ̀, tí Àjọ Ìdàgbàsókè Agbègbè Niger Delta gbé jáde ní ọdún 2004, tí wọ́n sì tún gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní 2009, kò tíì dá omi padà. Ìdílé tó ti tún ilé kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ti san owó ilé lọ́nà tiwọn, wọ́n sì san án lápọ̀jù, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwé onílé tí wọn yóò fi hàn. Òfin kò kórìíra wọn. Kò kàn rò wọ́n mọ́ ọn ni. Bí Ìpínlẹ̀ Oǹdó bá tilẹ̀ fẹ́ gba owó orí lórí ilé ní etíkun, ohun tó kéré jù tó yẹ kó ṣe ni láti sọ nínú òfin pé ilé tí òkun ti gbé lọ, tàbí tó wà ní ibi tí òkun ń jẹ lọ́wọ́, kò ní gbèsè kankan lọ́rùn.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàìsọ ohun tó ń tẹ̀yìn irú owó báyìí wá. Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ọlọ́jà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣe aṣáájú wọn kò sọ pé àwọn kò ní san nǹkan kan fún ìlú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, láìsí pé obìnrin lóhùn nínú ìgbìmọ̀, kò ní ìdí. Nítorí ìwọ́de wọn ni Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fi ìlú sílẹ̀ ní 1948, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ tí ayé mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn, èyí tí etíkun Ìlàjẹ wà nínú rẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe nítorí owó orí tó pọ̀ nìkan, bí kò ṣe nítorí àwọn tó ń wá gbà á, ìyẹn akọ́dà àti wolé-wolé tí wọ́n ń wọ ilé onílé. Ìjọba pàpà dín owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn kù. Ẹ̀kọ́ tí àwọn tó ń ṣe ìlànà owó sábà máa ń mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí wọ́n má fọwọ́ kan àgbẹ̀ àti ọlọ́jà ní gbangba. Wọ́n wá ń gba owó kan náà ní kọ̀rọ̀, ní ₦100 sí ₦200, ní orúkọ mẹ́wàá, níbi tí kò ti lè di ọ̀rọ̀ ìlú.

Ó yẹ kí àlàyé agbára òfin wà níbí, kí wọ́n má baà máa béèrè lọ́wọ́ Àkúrẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ Àbújá. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin orílẹ̀-èdè ló ń ṣe òfin owó orí lórí owó tó ń wọlé fún ènìyàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ kàn ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà ni. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí náà, kò lè yí ₦800,000 padà. Àmọ́ ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kéré: òfin owó ìsọ̀ àti ti ìforúkọsílẹ̀ ibi iṣẹ́, òfin tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń tẹ̀ lé, àti ọ̀nà tí àjọ tó ń pawó wọlé fún ìpínlẹ̀ ń gbà fi ojú dá owó orí lé àwọn tí kò ní ìwé ìṣirò. Èyí tó kẹ́yìn yìí, owó orí àfojúdá, ni wọ́n ń lò fún ẹni tí kò sí àkọsílẹ̀ èrè rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò wo ìsọ̀ rẹ̀, yóò wo ọkọ̀ rẹ̀, yóò sì sọ pé iye báyìí ni. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ojú tó ń dá owó lé nǹkan sábà máa ń rí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kì í rí gbèsè tí wọ́n fi rà á.

Ohun tó yẹ kí àwọn aṣòfin Oǹdó ṣe ni kí wọ́n gbé ààlà ₦800,000 yẹn sọ̀kalẹ̀ wá sí èbúté. Kí òfin ìpínlẹ̀ sọ pé apẹja, ayanja, awakọ̀ ojú omi tàbí ahunẹní tí èrè ọdún rẹ̀ kò tó iye yẹn yóò gba káàdì kan, ẹni tó bá sì mú káàdì náà lọ́wọ́ kò ní san owó àṣẹ lórí ọkọ̀ àfàjẹ̀wà, kò sì ní san owó ọjà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, ibi yòówù kó ti ta ọjà rẹ̀ láàárín ìpínlẹ̀. Ike ni kí wọ́n fi ṣe káàdì náà, kì í ṣe bébà. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá ààlà náà, bí ẹni tó ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta tí àwọn ẹlòmíràn ń bá a wà, kí ó san owó orí rẹ̀ tó pé, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ gbogbo tikẹ́ẹ̀tì tó ti já láàárín ọdún kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé owó kan kò yẹ kí ó jáde lẹ́ẹ̀mejì lórí èrè kan. Òfin ọdún 1998 tí ọ̀rọ̀ kàn lókè ti kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn àjọ agbowó orí fúnra wọn, láti dí ọ̀nà nítorí owó orí, ó sì fi owó ìtanràn ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí méjèèjì lélẹ̀ fún ẹni tó bá rú òfin náà. Ọ̀nà ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú òfin náà tọ́ka sí. Ó yẹ kí òfin Oǹdó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un: omi.

Epo bẹntiróòlù ni ìyókù ìṣòro náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì gùn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ojú omi ti ń gòkè, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò sì ní ìrọ́pò bíi ti mọ́tò tó lè lo gáàsì. Nínú òfin tuntun, àfikún ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí epo wà ní ìpamọ́, tí kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi bí mínísítà ètò ìnáwó bá kéde rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nínú òfin ọdún 2007 kan tó fẹ́ kí àwọn tó ń rin títì máa san owó àtúnṣe títì. Apẹja tó ń da epo sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní etíkun kò tíì ba títì kankan jẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, ìjọba ń ta epo àpòpọ̀ tí àwọn apẹja ibẹ̀ mọ̀ sí premix fún àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ní owó tó dín, apá kan èrè rẹ̀ sì yẹ kó padà sí etíkun tí wọ́n ti tà á fún iṣẹ́ ìlú. Àwọn kan ti ń kó epo yẹn lọ tà síbòmíràn, ìwé ìròyìn Gánà sì ti kọ nípa rẹ̀ títí. Nítorí náà kì í ṣe pé kí Oǹdó kó ètò náà wá bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìjọba kan ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti gbà pé epo inú ọkọ̀ apẹja jẹ́ ohun èlò iṣẹ́, bí àdá ṣe jẹ́ ti àgbẹ̀.

Àwọn tó ń ṣọ́ àpò ìjọba yóò béèrè ibi tí owó yóò ti wá, ìbéèrè náà sì tọ́, nítorí pé ìpínlẹ̀ tí kò bá lè dá pa owó wọlé yóò máa wo ọ̀nà Àbújá títí. Àmọ́ ará Ìlàjẹ kì í ṣe ẹni tí kò dá owó sí àpò yẹn. Epo rọ̀bì tó wà lábẹ́ omi wọn ló sọ Oǹdó di ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí ń pín nínú ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìwé òfin yà sọ́tọ̀ fún ibi tí epo ti ń jáde. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn ni òfin ìpínlẹ̀ sọ pé ó yẹ kí ó lọ sọ́dọ̀ OSOPADEC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti tún agbègbè náà ṣe. Bákan náà ni owó orí ọjà, ìyẹn ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń bá ọjà rìn, wà nínú ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ aṣọ àti káàdì tí wọ́n fi ń pe ọmọ wọn ní Èkó. Òfin tuntun ti gbé ìpín àwọn ìpínlẹ̀ nínú owó orí ọjà náà láti ìdá 50 lọ sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ti sọ pé ìdá 30 nínú ìpín yẹn yóò tẹ̀ lé ibi tí wọ́n ti ra ọjà tí wọ́n sì ti lò ó. Owó tuntun ń bọ̀ wá sí Àkúrẹ́, apá kan nínú rẹ̀ sì ti ọwọ́ Ìlàjẹ wá. Kò sí ìdí tí ìpínlẹ̀ kò fi lè gbàgbé owó tikẹ́ẹ̀tì apẹ̀rẹ̀ ẹja, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í tilẹ̀ í dé báńkì ìjọba.

Ẹni tó bá rò pé àwọn ará etíkun kàn kórìíra sísan owó ni, kí ó ka ìtàn Àyétòrò. Fún nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ kò ní àpò ara wọn rárá. Ohun tí apẹja mú bọ̀, ohun tí ahunṣọ hun, ohun tí akànkọ̀ rí nínú iṣẹ́ rẹ̀, inú àpò kan ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀, àpò kan náà ló sì ń bọ́ wọn, tó ń wọ̀ wọ́n láṣọ, tó kọ́ ilé iṣẹ́ wọn, tó sì tan iná mànàmáná fún wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń lo àtùpà. Kò sí owó orí tó wúwo tó ìyẹn lórí ilẹ̀ ayé, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n sì fi san án, nítorí pé wọ́n ń rí ohun tó ń ṣe. Ní ìyàtọ̀ sí ìyẹn, fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ ni iná ìjọba kò fi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Oǹdó, tí ayanja ń fi owó ara rẹ̀ ra epo jẹnẹrétọ̀, tó ń ra omi mímu ní kẹ́ẹ̀gì nígbà tí omi yí ilé rẹ̀ ká, tó sì tún ń já tikẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó wà ní ipò gómìnà ní Àkúrẹ́ báyìí, Lucky Ayédatiwà, ọmọ Obe-Nlá ní Ìlàjẹ ni, kò sì sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún un ohun tí ọkọ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ kò tún lè sọ pé tikẹ́ẹ̀tì èbúté nìkan ni òun fi ń jẹun. Káàdì àti òfin tuntun lè gba oṣù mélòó kan, ìjíròrò wọn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan wà tí kò nílò òfin kankan, tí ìjọba lè ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí: pátákó kan ní èbúté Igbókòdá, òmíràn ní ẹnu ọjà, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí lára, ní lẹ́tà ńláńlá, ní èdè Yorùbá, orúkọ gbogbo owó tó bófin mu, iye rẹ̀, òfin tó fàṣẹ sí i àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tí kò sí níbẹ̀. Gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan àti pákó mẹ́rin ni yóò gbà, kí wọ́n sì rí i pé òpó rẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa, nítorí ìgbì omi.